Àwọn tó ru ogun gun òkè: ohun tí ẹnu àwọn ẹbí ní Papua ń sọ tí òkúta ìrántí kò kọ

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, olóòtú ìjọba Ọsirélíà, Anthony Albanese, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ti Papua New Guinea, James Marape, jọ fẹsẹ̀ rin apá kan ọ̀nà Kokoda, ọ̀nà ẹsẹ̀ orí òkè tí Ọsirélíà àti Jàpáànù ti jà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, títí wọ́n fi dé Isurava. Ìdájí ọjọ́ 25 oṣù náà bá wọn láàárín òkúta gíga mẹ́rin. Ọjọ́ náà ni àwọn ará Ọsirélíà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wọn. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lára òkúta kọ̀ọ̀kan: ìgboyà, ìfaradà, ìbákẹ́gbẹ́, ìfara-ẹni-rúbọ. Láti ọdún 2002 ni òkúta náà ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò rò pé gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà yẹn ní 1942 ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ru ẹrù fún ológun Ọsirélíà níbẹ̀ kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọlọ́pàá wá sí abúlé, wọ́n to àwọn ọkùnrin sí ìlà, wọ́n yan àwọn tó lágbára, wọ́n sì kó wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú, nítorí àwọn tó ru ẹrù náà ti tán nílẹ̀. Havala Laula, ará abúlé Kagi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹni ìkẹyìn nínú wọn lójú ọ̀nà Kokoda, ti dágbére fáyé ní ìparí ọdún 2017. Ohun tó kù wà lẹ́nu ọmọ, lẹ́nu ìyàwó ọmọ, lẹ́nu ọmọ-ọmọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ láti abúlé dé abúlé, tí ìbéèrè sì ń gorí ìbéèrè: ta ló ni ìtàn yìí, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lè di ẹ̀rí níwájú ìjọba?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí à ń sọ. Erékùṣù New Guinea tóbi gan-an, ìlà kan sì là á sí méjì lórí máàpù. Apá ìwọ̀-oòrùn wà lábẹ́ Indonéṣíà. Orúkọ Papua wà níbẹ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ là ń sọ. Apá ìlà-oòrùn là ń sọ, ìyẹn Papua New Guinea, tó gba òmìnira ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975. Nígbà ogun, méjì ni apá ìlà-oòrùn yìí fúnra rẹ̀. Papua wà ní gúúsù, Ọsirélíà sì ti ń ṣàkóso rẹ̀ láti 1906. New Guinea wà ní àríwá. Jámánì ló ni ín tẹ́lẹ̀, kí Ọsirélíà tó gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú ogun 1914. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló ń rìn ká abúlé, tó ń ka orí ènìyàn, tó ń dájọ́, tó ń gba owó orí. Àwọn elédè Tok Pisin ń pe ajẹ́lẹ̀ ní kiap. Ní èdè Motu, taubada ni wọ́n ń pe ọ̀gá tó bá jẹ́ òyìnbó. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ ìtàn ajẹ́lẹ̀ fún nínú agboolé tirẹ̀ ti mọ irú ọkùnrin tí mò ń wí.

Jàpáànù gba Rabaul, ìlú èbúté kan ní New Guinea, ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1942. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí Port Moresby, olú ìlú Papua. Nínú oṣù Kejì yẹn náà ni ìjọba alágbádá kógbá sílé. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ológun dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa ṣàkóso àwọn ọmọ ilẹ̀. ANGAU ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, a ó máa pàdé rẹ̀.

Àwọn tó tètè di ogunléndé kò fojú kan ọmọ ogun Jàpáànù kankan. Ará Hanuabada ni wọ́n, abúlé ńlá àwọn Motu lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Moresby, ilé orí òpó lójú òkun bíi ti àwọn Ìlàjẹ wa. Ìjọba ní kí wọ́n kó kúrò nítorí bọ́ǹbù. Wọ́n kó tọmọtọmọ, wọ́n fọ́n ká sí àwọn abúlé etíkun, wọ́n di àlejò lọ́dọ̀ àna àti ojúlùmọ̀. Kí ogun tó tán, iná ti jó Hanuabada. Pákó àti páànù ni wọ́n fi tún un kọ́ lẹ́yìn ogun. Ẹni tó bá rí i lónìí tó rò pé bó ṣe wà látijọ́ nìyẹn ń wo ohun tí ogun fi sílẹ̀ láìmọ̀.

Ní ti àwọn ará àríwá Papua, ogun gan-an ló wá bá wọn nílé. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1942, ọkọ̀ ogun Jàpáànù gúnlẹ̀ sí etíkun nítòsí Gona àti Buna, ní ibi tó ń jẹ́ ìpínlẹ̀ Oro lónìí. Èrò wọn ni láti gun òkè Owen Stanley kọjá, kí wọ́n sì gba ẹ̀yìn wọ Port Moresby. Orokaiva àti Binandere ló ń gbé àgbègbè yẹn. Ìtàn wọn nípa ọjọ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọ̀gágun. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí oníkálukú wà: ìyá wà lóko, bàbá lọ sódò, ọmọ ń ṣeré létí òkun. Lẹ́yìn náà ni ariwo, lẹ́yìn ariwo ni eré sísá, ibi tí ẹsẹ̀ bá sì gbé kálukú lọ ni yóò gbà. Tọkọtaya pàdánù ara wọn sínú igbó. Àwọn míì kò ríra mọ́ títí tí ogun fi kọjá. Kókò tó kù lóko, ọmọ ogun tí ebi ń pa ló hú u jẹ, ẹlẹ́dẹ̀ sì lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjà Buna, Gona àti Sanananda fi parí ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1943, àwọn abúlé tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ogun tí kì í ṣe tiwọn jà á tán lórí ilẹ̀ wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbin kókò.

Èyí tí ayé mọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ẹrù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1942, ọ̀gágun Morris tó ń darí ní Port Moresby fọwọ́ sí àṣẹ tó fún ológun lágbára láti mú ọmọ ilẹ̀ síṣẹ́, yálà ó fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ó yan Bert Kienzle, òyìnbó tó ní oko rọ́bà ní Yodda nítòsí Kokoda, láti kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Àṣẹ tí wọ́n fún un lẹ́yìn náà ni pé kó la ọ̀nà ọkọ̀ dé Kokoda kí oṣù Kẹjọ tó parí. Ẹni tó kọ àṣẹ yẹn kò tíì rí òkè náà rí. Nǹkan bíi kìlómítà 96 ni, ẹsẹ̀ lásán sì ni: gbòǹgbò igi, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ dé orúnkún, odò tí afárá rẹ̀ jẹ́ ìtì igi kan ṣoṣo, òkè tí ènìyàn ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn. Mọ́tò kankan kò gba ibẹ̀ títí dòní.

Nítorí náà, ènìyàn ni mọ́tò. Kienzle jókòó, ó ṣe ìṣirò kan tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ogun yìí mọ̀. Aláàárù kan ń gbé nǹkan bíi kílò 18. Bí oúnjẹ nìkan ló bá gbé, tí òun náà sì ń jẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, láàárín ọjọ́ 13 ó ti jẹ ẹrù rẹ̀ tán. Bí ó bá ń bọ́ ṣọ́jà kan mọ́ ara rẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà àbọ̀ ni oúnjẹ náà máa tó àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ bíi mẹ́jọ ni wọ́n fi ń rìn dé Kokoda, wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ jẹun padà. Ọta ìbọn, oògùn àti kúbùsù kò tíì sí nínú ìṣirò yẹn o. Ọ̀nà méjì péré ló kù: kí bàálù máa ju oúnjẹ sílẹ̀ láti òkè, kí aláàárù sì máa jẹ díẹ̀. Wọ́n ṣe méjèèjì. Èyí tí bàálù ń jù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ fọ́, ọ̀pọ̀ sọnù sínú igbó. Èyí tí aláàárù kò jẹ, ara rẹ̀ ló san án.

Geoffrey Vernon, dókítà àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ ti di nínú ogun ìṣáájú, ló ń tọ́jú àwọn aláàárù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní Eora Creek, ipò tí òun bá àwọn aláàárù ba òun lọ́kàn jẹ́ ju ti àwọn tí ìbọn bà lọ. Ẹrù wọn wúwo jù, oúnjẹ kò tó, otútù orí òkè ń pa wọ́n, kò sì sí kúbùsù tó lè kárí wọn. Ọ̀pọ̀ sá lọ lóru. Àwọn tí wọ́n mú padà, wọ́n nà wọ́n. Owó wọn jẹ́ ṣílè mẹ́wàá lóṣù, iye tí kò ju owó ọjọ́ méjì ṣọ́jà Ọsirélíà tó kéré jù lọ.

Nígbà tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ níwájú ogun, ẹrù mìíràn ló ń dúró dè wọ́n: àwọn tó fara gbọgbẹ́. Igi gígùn méjì àti kúbùsù ni ibùsùn tí wọ́n fi ń gbé wọn, ènìyàn mẹ́jọ ló sì ń gbé ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ń sọ̀ lórí òkè, àwọn tó wà níwájú yóò gbé e sókè dé èjìká, àwọn tó wà lẹ́yìn yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹni tó wà láàárín má bàa yọ̀ ṣubú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á wá ibi tó tẹ́jú, wọ́n á fi ewé ṣe ìbòrí lé e, wọ́n á bu omi fún un. Mẹ́rin á sùn ní ọ̀tún rẹ̀, mẹ́rin ní òsì. Bó bá mira lóru, ẹnìkan á ti jí. Ẹnu àwọn ọmọ ogun Ọsirélíà fúnra wọn ni ìròyìn yìí ti wá, mo sì gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀. Kò sí ẹni tó fipá mú wọn ṣe tòru yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti takókó: ọkùnrin tí wọ́n fipá mú wá ṣe oore tí ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú un ṣe.

Nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1942, ọmọ ogun Ọsirélíà kan kọ ewì tó fi wọ́n wé áńgẹ́lì. Ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́, àwọn ìyá ṣọ́jà kà á pẹ̀lú omijé, orúkọ sì so mọ́ wọn lára: Fuzzy Wuzzy Angels, áńgẹ́lì onírun kíkó. Ìdajì àkọ́kọ́ orúkọ náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe àwọn jagunjagun Sudan ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, ẹ̀fẹ̀ sì ni nítorí irun wọn. Ìdajì kejì ló fi oyin bò ó. Lónìí, àwọn ẹbí kan ń fi orúkọ náà yangàn, wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ. Àwọn míì ní áńgẹ́lì kì í gba owó oṣù, kì í ní ìyàwó tí ebi ń pa nílé, kì í sì í béèrè gbèsè. Èmi gba ti ìkejì yìí, àmọ́ n kò ní gba orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó fi ń rántí bàbá rẹ̀.

Ẹ wo fọ́tò tó gbajúmọ̀ jù. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1942 ni George Silk yà á, nítòsí Buna. Koríko gígùn wà lọ́tùn-ún lósì. Ṣọ́jà òyìnbó kan ń bọ̀ láìwọ bàtà, aṣọ funfun bo ojú rẹ̀, ó fi igi kan tilẹ̀. Ọkùnrin dúdú kan rọra dì í lápá, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń wo ibi tí ẹsẹ̀ ẹni náà máa balẹ̀ sí. Ṣọ́jà náà ni George Whittington. Ibà inú igbó ló pa á ní oṣù Kejì ọdún 1943. Ẹni kejì ni Raphael Oimbari, ọmọ Oro. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn fọ́tò náà ti jáde ní Amẹ́ríkà, gbogbo ayé rí i. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó wá mọ orúkọ Oimbari, nítorí ẹni tó ń yàwòrán kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ láyé, ọdún 1996 ló kú. Ère òun àti Whittington wà ní Port Moresby lónìí.

Tí a bá wá kúrò lójú ọ̀nà Kokoda, tí a wọ inú abúlé, ìtàn náà á di ti àwọn obìnrin. Nígbà tó fi máa di 1944, àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ ANGAU ní Papua àti New Guinea ti lé ní 35,000. Ìlànà wà pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ju ìdá mẹ́rin ọkùnrin tó lágbára ní abúlé kan, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́rin. Wọn kò tẹ̀ lé e. Àwọn abúlé kan wà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ọkùnrin kankan tó lè gé igi. Iṣẹ́ ọkùnrin ni ṣíṣán igbó oko tuntun àti kíkọ́ ilé. Oko tí wọn kò bá ṣán lọ́dún yìí, ìyàn ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ìyá àti ìyá àgbà ń túlẹ̀ sójú oko tó ti gbó, òrùlé ń jò, ọmọ kò sì pọ̀ nínú ilé tí ọkọ ti lọ ọdún kan, ọdún méjì. Ìwé ológun kò ní ojú ìwé fún èyí. Àwọn ọmọbìnrin wọn ló ń sọ ọ́ báyìí, ó sì dùn mí pé ẹ̀yìn tí ìyá ti kú ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bi wọ́n.

Apá kan tún wà tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ní 1942, taubada tó ní òun ni ìjọba kó ẹrù rẹ̀, ó sì sá. Ìjọba mìíràn dé pẹ̀lú ìbọn, ó ní òun ni ọ̀gá. Àwọn Orokaiva kan bá Jàpáànù ṣiṣẹ́, àwọn kan tọ́ka ọ̀nà fún wọn, àwọn kan sì fa òyìnbó tó sá pamọ́ lé wọn lọ́wọ́. Lára àwọn tí wọ́n fà kalẹ̀ ni May Hayman àti Mavis Parkinson, àwọn míṣọ́nnárì obìnrin méjì ti ìjọ Áńgílíkà, tí àwọn ọmọ ogun Jàpáànù pa. Nígbà tí Ọsirélíà padà dé, ANGAU dájọ́. Ní 1943, ní Higaturu, wọ́n yẹgi fún àwọn ọkùnrin tó lé ní ogún. Wọ́n pe àwọn ará abúlé wá wò ó.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 1951, òkè Lamington tó wà lókè Higaturu bú gbàmù. Àwọn ará ibẹ̀ kò mọ̀ pé òkè ayọnáyèéfín ni. Nǹkan bíi 3,000 ènìyàn kú, Higaturu sì pa rẹ́. Láàárín àwọn tó yè, àlàyé méjì dìde. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló gbẹ̀san àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn kan ní àwọn tí wọ́n yẹgi fún ló padà wá gba ẹ̀san níbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Olùkọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí nínú àlàyé kejì yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyẹgi náà ti wà láàyè láti ìran dé ìran nígbà tí àwọn tó pàṣẹ rẹ̀ ti gbàgbé. Àwọn àgbà wa náà wí i: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Jàpáànù pẹ̀lú kó aláàárù tirẹ̀. Láti agbègbè Rabaul, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó ọmọ ilẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wá sí Papua láti ru ẹrù lójú ọ̀nà kan náà. Èdè àwọn ará ibẹ̀ kò yé wọn, wọn kò sì ní ẹbí tí wọ́n lè sá lọ bá. Ebi àti àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn. Kò sí ewì tí ẹnikẹ́ni kọ fún àwọn wọ̀nyẹn.

Àwọn tó gbé ìbọn wà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Papua bẹ̀rẹ̀ ní Port Moresby ní 1940, òyìnbó ni ọ̀gá wọn, ọmọ ilẹ̀ ni ṣọ́jà. Àwọn ló kọ́kọ́ yìnbọn pàdé Jàpáànù ní Awala, ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1942, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Sájẹ́ǹtì Katue ni ọmọ Papua àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Military Medal. Ọjọ́ 23 oṣù Keje yẹn ni Papua New Guinea fi ń ṣe ọjọ́ ìrántí tirẹ̀ dòní, ó sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọ̀pọ̀ àlejò Ọsirélíà tó ń wá rin Kokoda kò mọ̀ pé ọjọ́ náà wà.

Lẹ́yìn ogun wá ńkọ́? Ìjọba Ọsirélíà san owó fún àwọn nǹkan tí ogun bàjẹ́, ilé, ẹlẹ́dẹ̀, igi àgbọn. Ìyẹn yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí owó ìfẹ̀yìntì. Aláàárù kì í ṣe ṣọ́jà lójú òfin. Nítorí náà, ohun tó tọ́ sí ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì kò tọ́ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́ǹbù kò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bọ́. Ní 2009 ni Ọsirélíà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ṣẹ́ kù ní àmì ẹ̀yẹ onírin kan tí wọ́n ṣe fún wọn ní pàtàkì. Ọkùnrin tó ti ru ẹrù ní ọmọ ogún ọdún ti lé ní ọgọ́rin nígbà náà. Àwọn kan nínú wọn gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n fi kọ́ ọrùn. Owó kankan kò bá a rìn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti wọlé. Yunifásítì Deakin ní Ọsirélíà àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Papua New Guinea jọ ṣe iṣẹ́ ńlá kan ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn: wọ́n lọ bá àwọn àgbà àti àwọn ọmọ wọn ní Oro àti ní àwọn ìpínlẹ̀ míì, wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀. Ṣáájú wọn, John Waiko, onítàn tó jẹ́ ọmọ Binandere, ti ń gba ìtàn lẹ́nu àwọn ènìyàn rẹ̀ fúnra wọn. Èdè Papua New Guinea ju 800 lọ. Nítorí náà, ìtàn kan lè kúrò ní èdè ìyá, kó gba inú Tok Pisin tàbí Hiri Motu, kó tó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun púpọ̀ ń jábọ́ lọ́nà. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ á sọ pé wọ́n “gbà wọ́n síṣẹ́”. Ẹbí á sọ pé wọ́n “mú wọn”. A kò nílò olùtumọ̀ láti mọ bí gbígbà síṣẹ́ àti mímú lọ ṣe jìnnà síra tó.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìtàn wọ̀nyí kò mọ́ gaara mọ́. Ọmọ aláàárù ti rí fọ́tò Silk, ó ti gbọ́ ohun tí amọ̀nà ń sọ fún àwọn àlejò tó ń wá rin Kokoda lọ́dọọdún, ó ti gbọ́ pé owó lè wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ọdún máa ń dojú rú lẹ́nu wọn, ìjà kan á wọnú ìkejì. Ṣùgbọ́n ìwé ANGAU pẹ̀lú ní ohun tó ń wá: ó fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Pé ẹnìkan ń béèrè gbèsè kò sọ ọ́ di òpùrọ́. Èmi tiẹ̀ rò pé ibi tí ẹbí kì í ti í ṣì sọ ni ibi ilẹ̀: odò tí wọ́n sùn tì, igi tí wọ́n fi òkú sí lábẹ́ rẹ̀, oko tí wọ́n padà wá bá. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń fi ojúbọ àti ahoro mọ ààlà ìdílé nílẹ̀ Yorùbá máa mọ̀ pé ìmọ̀ ni èyí.

Àwa náà kò kúkú jìnnà sí i. Nínú Ogun Bóma, Jàpáànù kan náà ni àwọn ènìyàn wa lọ bá jà. Ní àfonífojì Kaladan, kò sí mọ́tò, kò sí ìbaaka. Orí ni àwọn aláàárù tó bá ìpín 81 ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ fi ru ọta àti oúnjẹ, ọmọ Yorùbá sì wà nínú àwọn ọmọ ogun ìpín náà. Lára wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, tí àwọn ará abúlé ní Bóma fi pamọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó kán títí àwọn ọmọ ogun fi dé gbà á. Òun kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Baba Ṣọ́jà mélòó ló kú ní agboolé wa tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè?

Mo tún fẹ́ dárúkọ bàálù kan. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1942, bàálù ogun Amẹ́ríkà kan tó ń bọ̀ láti Rabaul bọ́ sínú irà Agaiambo ní Oro. Kò sí ẹni tó kú nínú rẹ̀, àwọn ará abúlé ló sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 2006, wọ́n fa bàálù náà yọ nínú irà, àríyànjiyàn ńlá sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó ni í. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Pearl Harbor báyìí, wọ́n ń nu eruku lára rẹ̀. Irin rí owó ọkọ̀ gbà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Albanese àti Marape tún pàdé, ní Canberra lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ààbò tí wọ́n ń pè ní Pukpuk, ìyẹn ọ̀nì ní Tok Pisin. Ara ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọmọ Papua New Guinea lè wọ iṣẹ́ ológun Ọsirélíà. Àwọn kan ní Port Moresby yọ̀ sí i nítorí iṣẹ́. Ní àwọn abúlé Oro, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n ń gbọ́ pé ogun Ọsirélíà nílò ọkùnrin. Bí ọ̀dọ́ kan bá lọ báyìí, fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Ó máa kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, abúlé rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti orúkọ ẹni tí wọ́n á ránṣẹ́ sí nílé bí nǹkan kan bá ṣe é.